Èpò Orí Omi ní Thamesmead: Ẹ Má Da Oògùn Sí I

ÌBÉÈRÈ

Láti Woolwich ni èmi àti ọkọ mi ti kó wá sí Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, sí ilé kan tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjú sí kánáàlì. Nígbà tí a dé, omi náà mọ́ débi pé àwọn ìbejì wa máa ń ka ẹja inú rẹ̀. Láti ìgbà ooru tó kọjá ni ewé wínníwínní kan ti bò ó láti etí kan dé èkejì, bí ẹni tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí òtútù dé, ó pòórá, mo ní ọpẹ́ ni. Oòrùn kò tíì mú dáadáa lọ́dún yìí tó tún fi yọ, ó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé Táíwò, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, bi mí pé ṣé òun lè lọ gbá bọ́ọ̀lù lórí kóríko yẹn. Àyà mi já.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n. Wọ́n ní irú èpò báyìí ló dí ojú omi mọ́ àwọn apẹja nílé, pé kí a má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Aládùúgbò wa kan ní kí a dáwó jọ ra oògùn apakóríko, kí a dà á sí i lóru. Ọkọ mi ní kí n má dá sí i rárá.

A tún ní kòtò omi kékeré kan nínú ọgbà, àwọn tó ta ilé fún wa ló gbẹ́ ẹ. Ewé yẹn ti dé ibẹ̀ náà. Mo ń rò ó pé kí n kó o dànù, kí n fi ojúoró rọ́pò rẹ̀, torí ojúoró àti òṣíbàtà ni ìyá mi fi wúre fún àwọn ìbejì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ wọn. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ṣé omi yìí kò sì ní kó ẹ̀fọn bá wa, kí ibà wọlé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì, Thamesmead

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì bá mi kí Mámà dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ Táíwò ṣáájú, torí nínú gbogbo ohun tí ẹ béèrè, òun nìkan ni kò lè dúró di ọ̀la. Ojú ọmọdé kò lè mọ omi tí ewé bò yàtọ̀ sí pápá. Ajá pàápàá máa ń sáré wọ̀ ọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí etí omi náà, kí ẹ di ọwọ́ wọn mú gírígírí, kí ẹ sì ju òkúta sí i lójú wọn, kí wọ́n rí i bí ewé ṣe ń pínyà tí omi dúdú ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá fojú ara rẹ̀ rí i kò ní tètè gbàgbé. Síbẹ̀ ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ẹ yẹ ọgbà tó wà láàárín ẹ̀yìnkùlé yín àti kánáàlì wò, bóyá pákó kan ti jẹrà tàbí géètì kan ò tì dáadáa. Ní ti kòtò omi inú ọgbà yín, ẹ ra irin alásẹ́ tó le, kí ẹ fi bò ó, kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà. Omi tí kò jìn ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan lọ tó láti gba ẹ̀mí ọmọdé. Ẹ ṣe ìyẹn lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù ìdáhùn yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ewé náà fúnra rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Bí ewé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ róbótó tí kò sì ju mílímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, tí gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo rọ̀ sísàlẹ̀ lára rẹ̀, a jẹ́ pé duckweed ni, èyí tí pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ. Onílé ni nínú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé kan sí Thamesmead. Kò nílò láti so èso kó tó pọ̀ sí i: ewé kan a bí òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ìyẹn náà a bí tirẹ̀, wọn a sì pínyà. Bí oúnjẹ bá wà nínú omi tí oòrùn sì mú, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Nígbà òtútù tí ẹ dúpẹ́ pé ó ti lọ, kò kú. Ewé tó kún fún sítáàṣì a wúwo, a rì sí ìsàlẹ̀, a sinmi sínú ẹrọ̀fọ̀ títí omi yóò fi móoru.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ fọkàn Mámà balẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nílé yàtọ̀ sí èyí, ó sì burú jù ú lọ. Èyí tó dí ojú omi ní Ìlàjẹ ni ewéko olódòdó àwọ̀ àlùkò tí ọ̀pọ̀ ará wa ń pè ní gbéborùn, water hyacinth lẹ́nu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì. Láti agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e káàkiri ayé nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ojú omi Badagry, níbi tí ó bá omi tó ti ọ̀nà Porto-Novo ní Benin ṣàn wọlé. Láti ibẹ̀ ló ti gba ọ̀sà Èkó kọjá lọ sí etíkun Oǹdó àti ẹkùn Niger Delta. Apẹja tó da àwọ̀n sómi kò lè fà á jáde mọ́, àjẹ̀ kò ríbi wọlé, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń há, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń wọ ọkọ̀ kọjá omi ń dúró sílé. Ohun tí Mámà fojú rí nìyẹn, wọn kò sọ àsọdùn rárá. Ní ọ̀sà Èkó, omi òkun tó ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń bá wọn pa púpọ̀ nínú rẹ̀, torí kò lè gba iyọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí omi kò ti níyọ̀, kò sí olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Benin fún Mámà, torí inú wọn yóò dùn sí i. Ní Calavi, nítòsí Cotonou, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí IITA, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn kòkòrò kéékèèké kan sílẹ̀ sórí ewéko náà láti ọdún 1991. Neochetina ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò wọ̀nyí. Ilẹ̀ tí gbéborùn ti wá ni àwọn náà ti wá, òun nìkan ni wọ́n sì lè gbé ayé wọn lórí rẹ̀. Àgbà kòkòrò ń họ ewé jẹ, ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ inú igi ewé náà wọlé, omi a wá wọ inú ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, ewéko a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n èpò náà dín kù gan-an ní gúúsù Benin, owó sì padà sọ́wọ́ àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tó ń ta ẹja wọn. Wọn kò fi oògùn olóró ṣe é. Lẹ́yìn náà, ní Ìbàdàn kan náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Achenyo Idachaba dá iléeṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ igi gbéborùn tí wọ́n sì ń hun ún di agbọ̀n, àpò àti àga.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀yìnkùlé yín. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo àdúgbò yín máa bi ara wọn ni pé: kí ni ewé yìí ń jẹ tó fi pọ̀ tó báyìí? Duckweed kì í bo omi tí kò ní oúnjẹ. Náítírójìn àti fọ́sífétì ni oúnjẹ rẹ̀, ìyẹn ohun tó wà nínú ajílẹ̀, nínú ìgbẹ́, nínú oúnjẹ tó jẹrà. Bí ó bá bo omi láti etí dé etí, ẹnìkan ló ń bọ́ ọ. Ẹni náà lè má mọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, a ní láti mọ irú omi tí kánáàlì yín jẹ́. Àbàtà ni gbogbo ilẹ̀ Thamesmead rí. Àwọn ẹlẹ́sìn Kírísítì tó ń gbé ní Lesnes Abbey, ilé ìsìn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1178, fa omi kúrò nínú díẹ̀ lára rẹ̀ láti fi dáko. Lẹ́yìn wọn ni Royal Arsenal, iléeṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Woolwich, gba ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀ fún dídán ìbọn wò àti fún kíkó ẹ̀tù pamọ́. Tump 53, tó di ibi ààbò ẹyẹ àti ewéko lónìí, ilé ẹ̀tù tí wọ́n fi omi yí ká ni. Ní ọdún 1953, omi òkun ya wọ etí odò Thames, ó sì bo àbàtà náà. Nítorí èyí, nígbà tí ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, GLC, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú tuntun síbẹ̀, tí àwọn olùgbé àkọ́kọ́ sì wọlé ní 1968, wọn kò fi yàrá tí ènìyàn ń gbé sí ìsàlẹ̀ àwọn ilé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Wọ́n sì gbẹ́ adágún àti kánáàlì. Adágún márùn-ún ló wà níbẹ̀ lónìí, Southmere àti Birchmere wà lára wọn, pẹ̀lú kánáàlì tó tó kìlómítà 7.

Ẹwà ni wọ́n jẹ́ lójú wa, àwọn ẹyẹ sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbẹ́ wọn fún ni láti gba omi òjò. Òjò tó rọ̀ sórí òrùlé yín, tó rọ̀ sójú títì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí, inú wọn ló ń ṣàn lọ kó tó dé odò Thames. Ọ̀pọ̀ ará wa rò pé gbogbo omi tó bá wọ gọ́tà ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ní Crossness, tí kò jìnnà sí yín. Omi ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná ló ń lọ síbẹ̀. Ti gọ́tà ojú títì ń lọ bá ẹja ní tààrà.

Ẹ wá ro ohun tí a ń dà sí gọ́tà yẹn. Ẹni tó ń fọ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, ọṣẹ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Ìgbẹ́ ajá tí wọn kò kó, òjò a gbé e lọ. Ajílẹ̀ tí wọ́n fọ́n sí kóríko iwájú ilé ń bá òjò lọ. Búrẹ́dì tí à ń jù fún pẹ́pẹ́yẹ, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń rì tó sì ń jẹrà, oúnjẹ èpò ni. Mo ní láti sọ ti àwa fúnra wa náà: lẹ́yìn ìnáwó, tí a bá ṣe ọjọ́ ìbí tàbí ìsọmọlórúkọ tán nínú gbọ̀ngàn, a máa ń gbé ìkòkò ńlá àti kúlà jáde sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, a ó fọ ìyókù ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọbẹ̀ ata kúrò, a ó sì da gbogbo rẹ̀ sójú irin gọ́tà. A ó da òróró tí a fi dín àkàrà tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò fẹ́ ibi. Nílé, a mọ̀ pé gọ́tà ni ibi tí omi ìdọ̀tí ń lọ. Níbí, gọ́tà yẹn ni ojúsun kánáàlì tí àwọn ọmọ yín ń wò láti ojú fèrèsé.

Ohun kan tún wà tó fara sin. Nínú àwọn ilé kan, ẹni tó wá so ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ páìpù kò mọ èyí tó jẹ́ ti omi òjò yàtọ̀ sí ti omi ìdọ̀tí, ó sì so ó mọ́ èyí tí kò yẹ. Omi ọṣẹ ilé náà yóò máa ya wọ kánáàlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ẹ bá rí páìpù tó yọ sí etí omi, tí omi funfun, olóòórùn ọṣẹ tàbí ti ìgbọ̀nsẹ̀, ń jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹ ti rí ẹni tó ń bọ́ èpò nìyẹn. Thames Water, iléeṣẹ́ omi Lọ́ńdọ̀nù, ló ń tọpa irú páìpù bẹ́ẹ̀ dé ilé tó ti wá.

Ní ti ìmọ̀ràn aládùúgbò yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á. Mo mọ̀ pé ìlú ló ń rò. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá pa gbogbo ewé yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò rì, wọn yóò jẹrà, jíjẹrà náà yóò sì gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi tán. Ẹja á máa gbé ẹnu sókè lójú omi ní ìdájí, wọn yóò sì kú kí ọ̀sán tó pọ́n. Oúnjẹ tí ewé náà ti jẹ yóò tún padà sínú omi, ewé tuntun yóò sì hù láti inú rẹ̀. Ẹ ti náwó, ẹ ti pa ẹja, èpò náà kò sì lọ. Òfin tún wà níbẹ̀: ní England, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo oògùn apakóríko nínú omi tàbí létí omi láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Environment Agency, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká, àwọn oògùn tí wọ́n sì fọwọ́ sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ dà sómi lóru kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ bá wọn dáwó fún.

Baálé ilé yín tọ̀nà ní ti pé kánáàlì náà kì í ṣe tiyín láti tún ṣe. Níbi tó kù sí ni pé ẹ lè ké sí ẹni tó ni ín. Peabody, ẹgbẹ́ tó ń pèsè ilé gbígbé, ló ń bójú tó àwọn adágún àti kánáàlì Thamesmead láti ọdún 2014. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ ya àwòrán, ẹ sọ ibi tó wà gan-an, kí àwọn aládùúgbò mẹ́rin tàbí márùn-ún sì fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tí orúkọ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ máa ń yá ju ti ẹnìkan lọ. Ẹ má kàn béèrè pé kí wọ́n kó ewé náà. Ẹ béèrè ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Thamesmead wà nínú kánsù méjì, Greenwich àti Bexley, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí òpópónà yín wà kí ẹ tó lọ bá kánsílọ̀ yín.

Ti kòtò omi inú ọgbà yín ló rọrùn. Ẹ mú àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn, kí ẹ máa gbọ́n ewé náà kúrò díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tí kò sí afẹ́fẹ́ tàbí lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti gbá gbogbo rẹ̀ jọ sí igun kan. Ẹ kó o sí etí omi fún ọjọ́ kan kí àwọn ọmọ lámilámi àti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó há sínú rẹ̀ lè rìn padà, lẹ́yìn náà kí ẹ kó o sí ìdí òdòdó tàbí sínú àkìtàn ọgbà, torí ajílẹ̀ gidi ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kó náítírójìn àti fọ́sífétì jáde kúrò nínú omi, èyí tí oògùn kò lè ṣe. Ẹ má retí kí ó tán pátápátá, kó dín kù ni ká máa lépa. Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ dúró di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀. Bí omi bá fà, omi òjò tí ẹ gbè sínú àgbá ni kí ẹ fi kún un. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ní fọ́sífétì nínú, wọ́n ń fi í sí i kí òjé má baà yọ́ jáde lára páìpù àtijọ́, kò pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n èpò omi fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá lè ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ru ojú omi sókè, ó dára, torí duckweed kì í fẹ́ omi tó ń mì. Bí ẹ bá ń sin ẹja, ẹ dín oúnjẹ wọn kù.

Ẹ béèrè nípa ojúoró. Ìwúre Mámà kò ní yẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ojúoró sínú omi ìta. Òtútù ilẹ̀ yìí yóò pa á kí Kérésìmesì tó dé, yóò jẹrà sínú kòtò omi yín, yóò sì di oúnjẹ fún èpò tí ẹ ń sá fún. Ọ̀sán ọjọ́ kan sì lè dé tí ẹnìkan yóò ní ó ti pọ̀ jù, tí yóò kó o sínú kánáàlì. Bí ọkàn yín bá ń fà sí i, ẹ fi ọ̀kan sínú abọ́ ńlá lẹ́bàá fèrèsé, nínú ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta gbéborùn fún yín, ẹ má rà á. Títà, gbígbìn àti pípa á mọ́ ni òfin kà léèwọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n òṣíbàtà ní ìbátan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, Nymphaea alba, olódòdó funfun. Ó tóbi jù fún kòtò kékeré, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtajà fún irú òṣíbàtà tí kì í tóbi. Bí ewé rẹ̀ bá bo bí ìdajì ojú omi, èpò kò ní rí oòrùn tó mọ́, Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò sì máa rí òdòdó rẹ̀ nígbà ooru.

Nípa ẹ̀fọn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ibà wà ní àbàtà etí odò Thames láyé àtijọ́, ó sì pa ènìyàn púpọ̀ ní Kent. Lónìí ẹ̀fọn ibí kì í kó ibà ràn wá. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún nígbà ooru ni omi tó bá di àwọ̀ ewé bí ọ̀dà tí wọ́n dà sí i, tí nǹkan bí fọ́ọ̀mù sì dì sí etí rẹ̀. Ìyẹn lè jẹ́ algae olóró. Ewé tí ọwọ́ lè mú kọ́ ni. Ó lè pa ajá, ó sì lè mú ara ọmọdé yún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìyókù ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa fojú wá nígbà tí ẹ bá ń rìn létí omi. Èpò àjèjì kan wà tó ń ba àwọn odò Lọ́ńdọ̀nù jẹ́, irú odò Lea, tí wọ́n ń pè ní floating pennywort. Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn olùtajà ewéko adágún ló tà á wọlé láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n sì kọ́kọ́ rí i nínú odò ní Essex lọ́dún 1990. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó jẹ́ róbótó tó ya níbì kan, ó ń dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ sókè ojú omi, igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ra mọ́ ara wọn, gbòǹgbò irun sì kún oríkèé rẹ̀. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 lóòjọ́ nígbà ooru. Ẹyọ kan péré tó já lára rẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn: water fern, parrot's feather, water primrose àti New Zealand pigmyweed. Ní ìparí 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò kan láti Argentina sílẹ̀ sórí pennywort, lọ́nà kan náà tí wọ́n gbà ní Benin. Bí ẹ bá rí i ní Thamesmead, ẹ má fà á, torí ẹ ó já a sí wẹ́wẹ́ tí omi yóò gbé lọ. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Peabody lọ́jọ́ náà. Ẹ sì fọ àwọ̀n, bàtà òjò àti ohun ìṣeré àwọn ọmọ, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó fi wọ omi mìíràn.

Bí ẹja bá ń kú, tàbí tí epo tàbí omi olóòórùn bá ń ya wọ kánáàlì, Environment Agency ni kí ẹ pè, tọ̀sán-tòru, lórí 0800 80 70 60. Ẹ bá àwọn ìyá ìjọ àti àwọn ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ kí ìnáwó tó ń bọ̀ tó dé: inú síǹkì ilé ìdáná ni kí wọ́n ti fọ ìkòkò, kí wọ́n kó ìyókù oúnjẹ sínú bíìnì, kí wọ́n ro òróró sínú ike, kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan sí gọ́tà ojú títì mọ́.